Ọwọ́ wa ni fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ bá rìn, kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ń gbé, ìwé ìròyìn yín sì máa ń dé ọwọ́ wa nígbà tí àwọn oníṣòwò bá ti Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá sọdá wá sí ọjà wa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé, tí a sì ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún ará ìlú. Láti ọdún 1993 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ tí mo sì ti kọ́ níṣẹ́ kò kéré. Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Nínú àlàyé tí ẹ ṣe láìpẹ́ yìí lórí bí a ṣe ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, òǹkọ̀wé yín sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn ètò tó ń kọ ẹ̀dà ara rẹ̀ kiri láìgbàṣẹ, ti ṣẹ̀ wá, ó sì fi kún un pé ẹni tí kò bá so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè fọkàn balẹ̀. Àwọn ìmọ̀ràn yòókù tó fún wa dára, mo sì dúpẹ́ lórí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan yìí kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè pa àwọn èèyàn bí tiwa lára ju àwọn ará Èkó tàbí Kùtọnu lọ, nítorí pé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹ̀rọ tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí pọ̀, àwọn tó ni wọ́n sì gbà pé àìsí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni ààbò wọn. Fáírọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ gba orí kọ̀ǹpútà ilé àti ti ọ́fíìsì káàkiri ayé kò gba inú wáyà kankan kọjá. Ọwọ́ èèyàn ló gbé e. Inú àpò aṣọ, inú báàgì, inú àpò-ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ ló wà, ó sì ń ti ọwọ́ ọ̀rẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé àwọn tí wọn kò bá dísíkẹ́ẹ̀tì láyé, àwo pẹlẹbẹ tí a máa ń kó fáìlì sí, ó yẹ kí n sọ bí ẹ̀rọ ìgbà náà ṣe ń jí. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà IBM tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní àwòkọ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé yóò wo ihò dísíkẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní A. Bí dísíkẹ́ẹ̀tì bá wà níbẹ̀, yóò ka abala àkọ́kọ́ pátápátá lórí rẹ̀, abala kékeré tí kò ju báìtì 512 lọ, yóò sì ṣe ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lè fi àṣẹ tirẹ̀ rọ́pò èyí tó wà ní abala yẹn, àṣẹ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé inú ẹ̀rọ, kí DOS, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, tó dé, kí ètò mìíràn tó dé, yóò sì jókòó sínú ìrántí ẹ̀rọ náà títí a ó fi pa á. Gbogbo dísíkẹ́ẹ̀tì tí a bá tì bọ ihò náà lẹ́yìn ìgbà yẹn ni yóò kọ ara rẹ̀ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀ nígbà náà, ni pé dísíkẹ́ẹ̀tì tí kìkì lẹ́tà wà lórí rẹ̀, tí kò lè jí ẹ̀rọ rárá, ní abala àkọ́kọ́ yìí pẹ̀lú. Bí a bá gbàgbé irú rẹ̀ sínú ihò A tí a sì tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ sójú pé dísíkẹ́ẹ̀tì yìí kò lè jí òun, a ó yọ ọ́, a ó tẹ bọ́tìnnì kan, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Fáírọ́ọ̀sì ti wọlé kí ọ̀rọ̀ yẹn tó hàn lójú ẹ̀rọ.

Àwa ará Kétu kò ṣàìmọ ohun tí ẹnu-ọ̀nà jẹ́. Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnu-ọ̀nà odi àtijọ́, ṣì wà ní ìlú wa títí dòní, ẹni tó bá sì dúró níwájú rẹ̀ yóò rí i pé gbogbo agbára odi àti yàrà dá lórí ẹni tí wọ́n bá gbà láàyè láti gba ibẹ̀ wọlé. Ihò A ni ẹnu-ọ̀nà ẹ̀rọ ìgbà náà, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀.

Ìtàn tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi ni ti Rich Skrenta, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, tó kọ ọ̀kan nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ní 1982 fún kọ̀ǹpútà Apple II. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń pààrọ̀ eré orí dísíkẹ́ẹ̀tì láàárín ara wọn, ó sì máa ń yí ohun tó wà lórí dísíkẹ́ẹ̀tì wọn padà láti fi wọ́n ṣeré. Nígbà tó sú wọn, wọn kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan dísíkẹ́ẹ̀tì wọn mọ́. Ló bá wá ọ̀nà tí ohun tí ó kọ yóò fi dé orí dísíkẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ láìjẹ́ pé ọwọ́ tirẹ̀ débẹ̀. Elk Cloner ló pè é. Bí wọ́n bá fi dísíkẹ́ẹ̀tì tó ti kó o jí ẹ̀rọ, yóò wà nínú ìrántí, yóò sì wọ ara dísíkẹ́ẹ̀tì mìíràn tí wọ́n bá tì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà; bí wọ́n bá wá fi jí ẹ̀rọ dé ìgbà àádọ́ta, ewì kúkúrú kan yóò yọ lójú ẹ̀rọ. Kò ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́ lọ títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, fífún ara wọn ní nǹkan ló fi ṣe ọ̀nà, ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e gbà fún ọdún mẹ́wàá ó lé. Orúkọ náà, fáírọ́ọ̀sì, gbilẹ̀ lẹ́yìn 1983, nígbà tí Fred Cohen fi irú ètò bẹ́ẹ̀ han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California, tí olùkọ́ rẹ̀, Len Adleman, sì dábàá pé orúkọ àrùn ló yẹ ẹ́.

Ní ti ẹ̀rọ IBM, Brain ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ìlú Lahore ní Pakistan ló ti jáde ní 1986. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Amjad àti Basit Farooq Alvi, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ló kọ ọ́, wọ́n sì kọ orúkọ ara wọn, àdírẹ́sì wọn àti nọ́ńbà tẹlifóònù wọn sínú rẹ̀. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ń dáàbò bo ètò ìṣègùn tí àwọn ń tà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láìgbàṣẹ. Brain a máa gbé abala àkọ́kọ́ tòótọ́ lọ sí ibòmíràn lórí dísíkẹ́ẹ̀tì, a sì fi àmì sí ibẹ̀ pé ó ti bàjẹ́, kí DOS má baà fọwọ́ kàn án. Bí èèyàn bá wá fẹ́ yẹ abala àkọ́kọ́ wò, Brain tó wà nínú ìrántí yóò gbé èyí tòótọ́ tó fi pamọ́ fún un, onítọ̀hún yóò sì gbà pé ara dísíkẹ́ẹ̀tì òun dá. Àmì tí ojú lásán lè rí ni pé orúkọ dísíkẹ́ẹ̀tì yóò ti di "(c) Brain". Dísíkẹ́ẹ̀tì 360 KB, èyí tí kò gba nǹkan púpọ̀, nìkan ló mọ̀, kò fọwọ́ kan díìsì inú ẹ̀rọ rárá, síbẹ̀ nígbà tó fi di 1987, ó ti wà ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2011, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tó jáde, Mikko Hyppönen, olùṣèwádìí fáírọ́ọ̀sì láti ilẹ̀ Finland, tẹ̀ lé àdírẹ́sì tó wà nínú Brain lọ sí Lahore, ó sì bá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti èmi, nítorí pé ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí n lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Stoned. Ìlú Wellington ní orílẹ̀-èdè New Zealand, nísàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ló ti jáde ní nǹkan bí 1987. Bí wọ́n bá fi dísíkẹ́ẹ̀tì tó kó o jí ẹ̀rọ, ní ẹ̀ẹ̀kan nínú bí ìgbà mẹ́jọ, yóò kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé kọ̀ǹpútà náà ti mugbó yó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Èdè Faransé ni a kọ́ nílé ìwé ní tiwa. Mo rí gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 1994, mo rò pé ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí DOS máa ń sọ ni, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ ló mú dísíkẹ́ẹ̀tì wá kí n bá òun tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ilẹ̀ ti ṣú, iná sì ń ṣe ségesège, mo pa ẹ̀rọ láìyọ dísíkẹ́ẹ̀tì náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo tan ẹ̀rọ, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó máa ń kọ, mo yọ dísíkẹ́ẹ̀tì náà, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun, èmi náà kò mọ ohun tí mo gbà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wa.

Láti ọjọ́ náà lọ, dísíkẹ́ẹ̀tì tó bá wọ ihò A nínú ṣọ́ọ̀bù mi kò jáde lásán. Fún bí oṣù mẹ́rin ni mo fi ń pín in fún àwọn oníbàárà mi: fún àwọn olùkọ́, fún akọ̀wé ẹgbẹ́, fún àwọn tó ń lọ sí Pobè àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ní àkókò yẹn gan-an ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó fẹ́ kí n bá òun tẹ ìtàn ìdílé rẹ̀, oríkì àwọn baba ńlá rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nípa ogun Dahomey tó fọ́ Kétu ní 1886. Àwọn tó ṣáájú, inú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ni mo ti tẹ̀ wọ́n. Àwọn tó kẹ́yìn, ẹnu ló fi ń pè wọ́n fún mi, tí mo sì ń tẹ̀ wọ́n bó ti ń sọ. Fáìlì mọ́kànlélógójì ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, orí dísíkẹ́ẹ̀tì 1.2 MB kan ṣoṣo, èyí tó ń gbà ju ti 360 KB lọ, ni mo kó wọn sí. Ní ọjọ́ kan mo ṣí i, mo rí méjìlélọ́gbọ̀n àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí orúkọ mẹ́sàn-án yòókù wà kún fún ìṣùpọ̀ àmì tí kò nítumọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó kọ Stoned, dísíkẹ́ẹ̀tì 360 KB ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kí fáírọ́ọ̀sì náà gbé abala àkọ́kọ́ tòótọ́ lọ sí igun kan tó jẹ́ pé, lórí dísíkẹ́ẹ̀tì 360 KB yẹn, ìparí àkójọ orúkọ fáìlì ni, ibi tí nǹkan kì í sábà dé. Lórí dísíkẹ́ẹ̀tì 1.2 MB, igun kan náà bọ́ sí àárín àkójọ orúkọ, gẹ́lẹ́ lẹ́yìn fáìlì kejìlélọ́gbọ̀n. Kò gbèrò láti pa ọ̀rọ̀ bàbá náà run, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ibì kan wà tó ń jẹ́ Kétu. Ọ̀rọ̀ inú àwọn fáìlì náà ṣì wà lórí dísíkẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn, orúkọ wọn àti ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n wà ló bàjẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ì bá ti kó wọn jáde. Èmi kò mọ̀. Mo rò pé dísíkẹ́ẹ̀tì náà ló bàjẹ́, mo da méjìlélọ́gbọ̀n tó ṣẹ́ kù kọ sórí òmíràn, mo sì ṣe fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé mo pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, kí n lè tún un lò. Mẹ́fà ni bàbá náà rí tún sọ fún mi láti inú ìrántí rẹ̀. Mẹ́ta kò padà títí ó fi papò dà.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tó wá láti Àjàṣẹ́ ló fi hàn mí. Ó tẹ àṣẹ CHKDSK, ó sì ní kí n wo iye ìrántí tí ẹ̀rọ náà sọ pé òun ní: 653312 ló kọ, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 655360. Ó ní báìtì 2048 tó dín yẹn, ibẹ̀ ni àlejò mi jókòó sí. Ó yẹ àpótí dísíkẹ́ẹ̀tì mi wò, ó bá Stoned lórí méjìdínláàádọ́rin. Láti Wellington dé Kétu, bí ọdún méje, kò sí wáyà kankan láàárín wọn. Èèyàn lẹ́yìn èèyàn ló ń gbé e fún ẹnìkejì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà. Bí ikú ilé kò pa ni, tòde kò lè pa ni.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà tún kọ́ mi ní ohun tí ì bá ti gbà mí là láti ìbẹ̀rẹ̀. Gígé kékeré kan wà létí dísíkẹ́ẹ̀tì ńlá tó rọ̀. Bí a bá lẹ ìwé dí i, ẹ̀rọ kò ní lè kọ ohunkóhun sí i, fáírọ́ọ̀sì kò sì lè tú òfin yẹn, nítorí pé ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń pa á mọ́, kì í ṣe ètò tí ẹlòmíràn lè yí padà. Dísíkẹ́ẹ̀tì kékeré tó le ní ìlẹ̀kùn tí a ń tì síwá-sẹ́yìn fún iṣẹ́ kan náà. Ìwé tí kò tó èékánná! Mo bá a nínú gbogbo páálí dísíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà, mo ti máa ń kó o dànù.

Ọ̀pọ̀ mìíràn ló jáde láàárín ọdún wọ̀nyẹn, n kò ní ka gbogbo wọn. Ping-Pong, tí bọ́ọ̀lù kékeré rẹ̀ máa ń ta káàkiri ojú ẹ̀rọ, ni wọ́n rí ní Yunifásítì Turin ní Ítálì ní 1988. Èyí tí wọ́n rí ní Jerúsálẹ́mù ní 1987 a máa wọ inú ètò fúnra rẹ̀ dípò abala àkọ́kọ́, bí ọjọ́ kẹtàlá oṣù bá sì bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ètò tí èèyàn bá pè ni yóò parẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Yunifásítì Lehigh ní Amẹ́ríkà, ní 1987 kan náà: bó bá ti ran dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, yóò ba ohun tó wà lórí díìsì jẹ́. Kò rìn jìnnà, torí pé ó ń pa ẹni tí ì bá gbé e lọ. Stoned tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró, ló rí ayé kiri. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi má ṣe dúró de ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣe ohun ìyanu kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, ìdí nìyẹn.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí fáírọ́ọ̀sì Dark Avenger, tó jáde ní Sofia ní Bulgaria ní 1989, torí pé òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáírọ́ọ̀sì inú ètò ń dúró kí a pe ètò kan kí ó tó ràn án. Ti Sofia yìí, bí wọ́n bá kàn ṣí ètò láti kà á tàbí láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó tó o. Ẹni tó bá wá fi ètò apakòkòrò tí kò dá a mọ̀ yẹ ẹ̀rọ wò, ètò yẹn yóò ṣí gbogbo ètò tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò wọ́n, fáírọ́ọ̀sì yóò sì máa tẹ̀ lé e bó ti ń ṣí wọn. Oníṣègùn ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àrùn náà dé gbogbo yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ba igun kan jẹ́ lórí díìsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo. Nígbà tí onílé bá fi máa fura, ẹ̀dà tó ti ń tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ pàápàá ti kó ìbàjẹ́ náà sínú.

Àwọn kan yóò ní àwọn kì í gba dísíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, inú páálí tí wọ́n dì pa láti ilé-iṣẹ́ ni àwọn ti ń mú u. Èyí náà kò tó. Michelangelo, ọmọ ìyá Stoned, máa ń ba díìsì inú ẹ̀rọ jẹ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdọọdún. Kí ọjọ́ náà tó kò ní 1992, ó ti hàn pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti kó ẹ̀rọ tuntun àti dísíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó ti kó o ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn láìmọ̀. Àwọn kan sọ tẹ́lẹ̀ nígbà náà pé ẹ̀rọ tó máa bàjẹ́ lè tó mílíọ̀nù márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀, iye tó bàjẹ́ kéré sí i gan-an. Ní December 1989 sì rèé, ẹnì kan fi dísíkẹ́ẹ̀tì tó tó 20,000 ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ sí onírúurú orílẹ̀-èdè, ó ní àlàyé lórí àrùn AIDS ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ní bí àádọ́rùn-ún ìgbà, fáìlì wọn yóò fara pamọ́, ẹ̀rọ yóò sì béèrè pé kí wọ́n fi dọ́là 189 ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní Panama. Èyí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ní ti gidi, nítorí kò lè bí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà wọlé kò yàtọ̀: ọwọ́ onílé ló tì í bọ ihò.

Fún àwa tí a ń tẹ̀wé, 1995 ni ọdún tó le jù. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn tó mọ̀ ń sọ fún wa pé ètò nìkan ló lè gbé fáírọ́ọ̀sì, pé lẹ́tà lásán kò lè gbé e. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi. Fáírọ́ọ̀sì Concept ló sọ wá di òpùrọ́: inú ìwé tí a fi Word, ètò ìtẹ̀wé, tẹ̀ ló ń gbé, bí a bá sì ti ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò wọ inú NORMAL.DOT, èyí tí Word fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìwé tuntun, kò sì ní pẹ́ tí àwọn ìwé wa yòókù yóò fi gbà á. Ilé-iṣẹ́ Microsoft tó ṣe Word pàápàá ti fi sídíì kan tó wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́ láìmọ̀. Lẹ́tà ni iṣẹ́ wa, lẹ́tà ni a ń gbà tí a sì ń fi jíṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

N kò fẹ́ ṣe òǹkọ̀wé yín ní àìdáa. Òótọ́ ni pé kòkòrò kan, ètò tó ń dá rìn láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, gba orí àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n so pọ̀ ní Amẹ́ríkà kọjá ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá 1988, tí ọ̀pọ̀ wọn sì dákú. Robert Morris, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yunifásítì àti ti ìwádìí ni wọ̀nyẹn, kì í ṣe èyí tó wà lórí tábìlì èmi tàbí ti olùkọ́. Òótọ́ sì ni pé láti ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì Melissa ti gba orí ímeèlì jáde ní March 1999, tí ILOVEYOU sì tẹ̀ lé e ní May 2000, íntánẹ́ẹ̀tì ti di ọ̀nà ńlá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tuntun ṣí, ọ̀nà àtijọ́ kò sì hù koríko.

Kílé USB, tí ẹ̀yin ní òdìkejì ẹnubodè ń pè ní fílááṣì, ti gba ipò dísíkẹ́ẹ̀tì. Fún ọdún púpọ̀ ni Windows máa ń ka ìwé àṣẹ tó bá bá lórí kílé, kí onílé tó fọwọ́ kan ohunkóhun, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe ń ka abala àkọ́kọ́. 2011 ni Microsoft tó dá èyí dúró lórí Windows XP àti Vista fún àwọn tó bá gba àtúnṣe. Àtúnṣe yẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá. Ẹ wá rò ó wò: ẹ̀rọ tí òǹkọ̀wé yín sọ pé kò séwu fún, torí pé kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni àtúnṣe kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Stuxnet tí wọ́n rí ní 2010, tí wọ́n ṣe láti ba ẹ̀rọ jẹ́ ní Natanz, ibùdó átọ́míìkì kan ní Iran, orí USB ni wọ́n kọ́ ọ láti máa gbà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ ibẹ̀ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ní àsìkò ìdánwò, kílé tó tó ogójì lè wọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo lójúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Àwọn ọmọ máa ń wá pẹ̀lú omijé pé gbogbo àpò fáìlì àwọn ti di ọ̀nà àbùjá (shortcut) tí kò ṣí mọ́. Mo máa ń bá wọn wá fáìlì wọn jáde níbi tí fáírọ́ọ̀sì fi wọ́n pamọ́ sí, mo sì máa ń béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi kílé náà bọ̀ ọ́. Wọn yóò ní ibẹ̀ kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ kílé tí wọ́n ń tà fún wa kò ní ìlẹ̀kùn ìdènà bíi ti dísíkẹ́ẹ̀tì àná.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi fẹ́ràn ojú-ìwé yín náà gan-an, wọ́n gé e, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ tí àwọn oníbàárà ń lò. Mi ò já a, torí pé ìmọ̀ràn tó dára pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn kan yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀, kí n lè gé àtúnṣe náà kí n sì lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àsìkò ìdánwò tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín tó ń kọ́ni níṣẹ́ ìtẹ̀wé, ní Kétu